Géèmù nínú Ilé Ìkàwé: Ọ̀rọ̀ fún Àwa Òbí Tó Wà ní Kumasi

   

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí, mo mọ̀ pé àwọn òbí kan máa nawọ́ sí rédíò láti pa á. Ohun tí mo fẹ́ sọ ni pé ó yẹ kí ilé ìkàwé ìjọba máa gbé géèmù kalẹ̀ fún àwọn ọ̀dọ́langba. Géèmù gan-an ni mò ń wí o, èyí tí wọ́n ń fi páàdì ta lójú tẹlifíṣọ̀n, àti èyí tó wà nínú kọ̀ǹpútà. Ẹ má tíì pa á. Ẹ jẹ́ kí n rò ó tán. Bí mo bá rò ó tán tí inú ṣì ń bí yín, ẹ bínú, ẹ̀tọ́ yín ni.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gbà pé géèmù ti wọ̀lú ná. Kò sí àdúgbò tí ẹ máa rìn jìnnà ní Kumasi kí ẹ tó rí ṣọ́ọ̀bù kékeré kan, òmíràn jẹ́ kọ̀ǹténà, òmíràn jẹ́ pákó àti páànù lásán, tí wọ́n to tẹlifíṣọ̀n méjì mẹ́ta sí, tí wọ́n gbé bẹ́ǹṣì gbọọrọ síwájú wọn. PlayStation àlòkù ló máa ń wà níbẹ̀. Oní-ṣọ́ọ̀bù ń gbowó lórí ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ẹni tí wọ́n bá sì nà ló sábà máa ń sanwó. Nítorí náà, ọmọ tí ọwọ́ rẹ̀ ti mọ́ ọn ń ta á lọ lọ́fẹ̀ẹ́, ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ ló ń náwó.

Láìpẹ́ yìí mo dúró lẹ́nu ọ̀nà ọ̀kan nínú wọn ní àdúgbò Asafo. Ọmọkùnrin méjì jókòó, páàdì wà lọ́wọ́ wọn, ojú wọn ò kúrò lára gíláàsì. Ẹ̀kẹta dúró sẹ́yìn wọn, aṣọ ilé ìwé ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, báàgì ṣì wà lẹ́yìn rẹ̀. Òun gan-an ni ọ̀gá. Twi ló fi ń pàṣẹ fún àwọn méjèèjì: ẹ gbé e sí apá òsì, ẹ má sáré, ẹ jẹ́ kó jáde wá ná. Ó mọ orúkọ gbogbo àwọn tó wà lórí pápá, ó mọ ẹni tó ń fẹsẹ̀ òsì gbá a, ó mọ èyí tó ti rẹ̀ tó yẹ kí wọ́n yọ. Mo bi í pé kí ló dé tí òun náà ò jókòó. Ó ní òun ò lówó. Kò fi ṣe ẹkún, bẹ́ẹ̀ ni kò tijú. Ó kàn sọ ọ́ bí ẹni tó ń sọ pé òjò ń rọ̀. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí mo rí níbẹ̀, omi tútù ló ń tà, kò tilẹ̀ bojú wo inú ṣọ́ọ̀bù náà. Ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù ló sì fẹ̀gbẹ́ kẹ̀gbẹ́ pẹ̀lú rẹ̀.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ mi ti bẹ̀rẹ̀. Owó tí ọmọ ń jí, tẹ́tẹ́, ẹgbẹ́kẹ́gbẹ́, àìsí àgbà nítòsí: gbogbo ohun tí àwa òbí ń bẹ̀rù yìí, inú ṣọ́ọ̀bù ló pọ̀ sí jù. Ẹ gbé ẹ̀rọ kan náà, géèmù kan náà, sínú yàrá kan ní ilé ìkàwé. Kò sẹ́ni tó ń gbowó. Orúkọ ni wọ́n ń kọ sílẹ̀, tó bá kàn ọ́, o jókòó. Ọmọbìnrin lè wọlé láìsí pé ẹnikẹ́ni wò ó láwòtúnwò. Àgbàlagbà kan wà níbẹ̀ tó mọ ọmọ ta ni ọ́. Ọmọ tó dúró sẹ́yìn yẹn, òun gan-an ni ilé ìkàwé wà fún. Láyé ijọ́un, ìwé ni kò lówó láti rà, ìjọba sì sọ pé kó wá kà á lọ́fẹ̀ẹ́. Lónìí, ohun tí kò lówó rẹ̀ ti ju ìwé lọ.

Ẹ jẹ́ kí n mú yín lọ sí Sekyedumase, ní ẹkùn Aṣáńtì wa níbí. Ọ̀pọ̀ yín ló máa rántí olùkọ́ kan níbẹ̀ tó ń jẹ́ Richard Appiah Akoto. Lórí Facebook, Owura Kwadwo Hottish ló ń pe ara rẹ̀. Ilé ìwé Betenase M/A Junior High School ló ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà, láti ọdún 2011 sì ni ilé ìwé náà ti wà láìní kọ̀ǹpútà kankan. Ẹ̀kọ́ náà sì wà nínú ìdánwò BECE, tí ọmọ gbọ́dọ̀ ṣe kó tó wọ Senior High School. Kí ni kí olùkọ́ ṣe? Ó mú ṣọ́ọ̀kì aláwọ̀ oríṣiríṣi, ó ya ojú Microsoft Word sára pátákó. Ó ya férémù rẹ̀, ó ya ojú ewé tí wọ́n ń tẹ̀wé sí, ó ya àwọn àmì kéékèèké tó tò lọ sókè, ó sì kọ orúkọ wọn sí wọn lára. Ó yà á dáadáa. Àwọn ọmọ jókòó, wọ́n ń dà á kọ sínú ìwé wọn. Ní oṣù kejì ọdún 2018 ló gbé àwòrán náà sórí Facebook, ó sì yí gbogbo ayé ká. Nínú oṣù kẹta, Microsoft ti gbé e lọ síbi ìpàdé àwọn olùkọ́ ní Singapore, àwọn èèyàn sì ti ń fi kọ̀ǹpútà ta ilé ìwé náà lọ́rẹ.

Gbogbo ayé yìn ín, ìyìn náà sì tọ́ sí i. Èmi, ọwọ́ àwọn ọmọ yẹn ni mò ń rò. Ọmọ lè há orúkọ gbogbo àmì wọ̀nyẹn sórí kó sì gba máàkì, kí wọ́n wá gbé mouse fún un, kó máa tì í kiri bí ẹni tó ń lọ ata láìsí ata lórí ọlọ. Ọwọ́ kì í mọ ohun tí kò dì mú rí. Microsoft fúnra rẹ̀ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí wọ́n gbé Windows 3.0 jáde ní 1990, wọ́n fi géèmù káàdì kan tó ń jẹ́ Solitaire sínú rẹ̀. Ìdí géèmù yẹn ni àìmọye òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi mouse mú nǹkan, tí wọ́n ń fà á láti ibì kan sí ibòmíràn, tí wọ́n sì ń jù ú sílẹ̀. Ẹ bi àwọn tó ṣiṣẹ́ ìjọba láyé ìgbà yẹn, bí wọn ò bá ní parọ́. Ọ̀gá ń kọjá, káàdì ń pamọ́.

Bí ọmọ Betenase, tàbí ọmọ Zongo ní Kumasi níbí, bá rí kọ̀ǹpútà kan lójúkojú fún wákàtí kan lọ́sẹ̀, tí ẹ sọ fún un pé Microsoft Word nìkan ni kó fi wákàtí náà kọ́, yóò kọ́ ọ, ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ẹ lè má rí i mọ́. Ẹ gbé géèmù sí i, kí ẹ wò ó bóyá kò ní ti ṣáájú alábòójútó dé ẹnu ilẹ̀kùn.

Mo mọ ohun tí ẹlòmíì ń sọ lọ́kàn báyìí. Ó ń sọ pé ilé ìkàwé, ibi ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ni, ibi ìwé ni, ẹ má bà á jẹ́ fún wa. Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí ilé ìkàwé ṣe bẹ̀rẹ̀ ní orílẹ̀-èdè yìí. Bíṣọ́ọ̀bù Aglionby ti ìjọ Áńgílíkà ní Accra ló kọ́kọ́ ṣí ìwé tirẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn ará ìlú ní 1928. Nígbà tí ìjọba dá àjọ tó ń bójú tó ilé ìkàwé sílẹ̀ ní 1950, obìnrin òyìnbó kan, Evelyn Evans, ló darí rẹ̀ títí di 1965, iṣẹ́ rẹ̀ kò sì mọ sí kí wọ́n kọ́ ilé kí wọ́n to ìwé sí i. Àpótí ìwé ni wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí ìgbèríko, ọkọ̀ ìwé ni wọ́n ń gbé kiri. Ibi tí èèyàn wà ni wọ́n ń lọ. Ní 1953, nígbà tí UNESCO pe àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ilé ìkàwé ní Áfíríkà jọ láti jíròrò, Ìbàdàn tiwa ni wọ́n ti ṣe é. Ní nǹkan bí ọdún mẹ́wàá ó lé sẹ́yìn, Ghana Library Authority tún kó kọ̀ǹpútà alágbèéká sínú àwọn ọkọ̀ ìwé wọn ní Accra, wọ́n ń gbé e lọ bá àwọn ọmọ JHS tí ilé ìwé wọn ò ní ìkankan. Ẹ ò rí i pé ilé ìkàwé Gánà kò dúró sójú kan rí? Àwa tí a fẹ́ kó dúró sójú kan ni à ń purọ́ mọ́ ọn.

Àwọn ará Amẹ́ríkà ti dán ọ̀rọ̀ yìí wò ṣáájú wa. Ní ìlú Ann Arbor, ní ìpínlẹ̀ Michigan, ilé ìkàwé ìlú bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ìdíje géèmù fún àwọn ọ̀dọ́langba ní 2004. Eli Neiburger, ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ wọn, kọ odidi ìwé lé e lórí ní 2007. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ẹgbẹ́ àwọn ilé ìkàwé Amẹ́ríkà ya ọjọ́ kan sọ́tọ̀ nínú oṣù kọkànlá tí gbogbo ilé ìkàwé tó bá fẹ́ yóò fi ta géèmù. Ní 2012 wọ́n sọ ọ́ di ti gbogbo ayé, nígbà tó sì di 2017 ó ti kúrò ní ọjọ́ kan, ó ti di odidi ọ̀sẹ̀ kan. Kò sí ilé ìkàwé tó wó lulẹ̀ nítorí rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí mi ò fẹ́ ká kọ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, tí mo sì ń gbọ́ lẹ́nu àwọn tó fẹ́ràn ọ̀rọ̀ yìí pàápàá. Wọ́n á ní, ẹ fi géèmù fà wọ́n wọlé, tí wọ́n bá ti wọlé, ẹ gbé ìwé fún wọn. Ìjẹ ẹnu ìwọ̀ nìyẹn. Àwọn ọ̀dọ́langba gbọ́n ju ẹja lọ. Bí ẹ bá sọ fún ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún pé kó ka ojú ewé mẹ́wàá kó tó gba páàdì, yóò ṣí ewé mẹ́wàá, kò ní kà á, ẹ ó sì ti kọ́ ọ pé ìyà tí èèyàn ń jẹ kó tó dé ibi adùn ni ìwé. Ta ló sọ fún wa pé ìwé nílò irú àbẹ̀tẹ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀? Ẹ to ìwé síbi tí ojú ti tó o. Ẹ to ìtàn àwọn agbábọ́ọ̀lù síbẹ̀, ẹ to ìwé àlọ́ Ananse síbẹ̀, ẹ to ìwé tí wọ́n fi ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe géèmù síbẹ̀. Ẹni tó ń dúró kó kàn án yóò mú ọ̀kan wò. Ẹni tí kò bá mú, ẹ fi í sílẹ̀. Ó wá síbi tó dára lọ́jọ́ yẹn, àgbàlagbà kan rí i, ó jókòó pẹ̀lú ẹgbẹ́ rẹ̀, kò tẹ́ tẹ́tẹ́. Ìyẹn tó.

Àbí ta ni nínú wa ló rò pé eré kò ní ọgbọ́n nínú? Ayò tí àwọn bàbá wa ń ta lábẹ́ igi odán, òun kan náà ni àwọn Aṣáńtì ń pè ní oware: ojú 12, ọmọ 48, mẹ́rin mẹ́rin nínú ojú kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí Rattray, òyìnbó tó kọ̀wé púpọ̀ nípa àwọn Aṣáńtì, gbé ìwé rẹ̀ lórí ẹ̀sìn àti iṣẹ́ ọnà wọn jáde ní 1927, onímọ̀ ìṣirò kan láti Cambridge tó ń jẹ́ G. T. Bennett ló bá a kọ orí kan nípa eré yìí nìkan. Onímọ̀ ìṣirò Cambridge jókòó ti ayò o! Àwa wá ń lé ọmọ kúrò nídìí eré.

Èyí tó wù mí jù nínú ọ̀rọ̀ yìí, ìlú yìí gan-an ló ti ṣẹlẹ̀. Ọmọ Gánà kan wà tó ń jẹ́ Eyram Tawia. Ìmọ̀ kọ̀ǹpútà ló lọ kọ́ ní KNUST, yunifásítì tó wà níbí ní Kumasi. Nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń wá ohun tí wọ́n máa ṣe fún iṣẹ́ àṣekágbá, géèmù ni Tawia ṣe, ó pè é ní Sword of Sygos. Ẹ fojú inú wo olùkọ́ tó ń fún ọmọ ní máàkì lórí eré ogun tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe. Ní 2009, òun àti ọmọ Kenya kan, Wesley Kirinya, dá ilé iṣẹ́ géèmù sílẹ̀ tó di Leti Arts. Géèmù kan tó ń jẹ́ iWarrior wà lára ohun tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe, akọni kan ló ń dáàbò bo abúlé rẹ̀ níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ṣe Africa's Legends, tí wọ́n fi àwọn akọni ilẹ̀ Áfíríkà sí, tí Ananse alálùpàyídà wa náà sì wà nínú rẹ̀. Ní 2016 ó kọ ìwé nípa bí gbogbo rẹ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀. Ní ilé wa náà, ní Èkó, ilé iṣẹ́ Maliyo Games tí Hugo Obi dá sílẹ̀ ní 2012 ń fi ọ̀kadà àti ẹ̀fọn ìgboro Èkó ṣe géèmù.

Mo mú wọn wá nítorí pé ẹni tó máa ṣe géèmù sábà máa ń ta á títí kó tó máa bi ara rẹ̀ pé báwo ni wọ́n ṣe ṣe é. Ìbéèrè yẹn ni ṣọ́ọ̀bù ò lè dáhùn, tí ilé ìkàwé lè dáhùn. Ohun èlò kan wà tó ń jẹ́ Scratch, yunifásítì MIT ní Amẹ́ríkà ló gbé e jáde ní 2007. Ọ̀fẹ́ ni. Ó lè wọ inú kọ̀ǹpútà kó sì máa ṣiṣẹ́ láìsí íntánẹ́ẹ̀tì. Ọmọ ń to àwọn búlọ́ọ̀kù aláwọ̀ lórí ara wọn: bí wọ́n bá tẹ bọ́tìnnì yìí, kí ológbò rìn, bó bá kan ògiri, kó padà. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń kọ́ ètò kọ̀ǹpútà láìmọ̀ pé iṣẹ́ ni òun ń ṣe. Ernestina Appiah, tó dá Ghana Code Club sílẹ̀, ti ń fi irú rẹ̀ kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé ní orílẹ̀-èdè yìí fún ọ̀pọ̀ ọdún. Kumasi Hive náà wà ní ìlú yìí, àwọn ọ̀dọ́ ń fi ẹ̀rọ dárà níbẹ̀. Àwọn tó máa kọ́ àwọn ọmọ ò jìnnà sí wa.

Ẹ wo ohun tó wù mí kí ó ṣẹlẹ̀. Ọmọ Yorùbá kan, tí wọ́n bí sí Kumasi, tó ń gbọ́ Twi ju Yorùbá lọ, kó jókòó ní ilé ìkàwé ní ọjọ́ Sátidé kó fi Scratch ṣe géèmù ibi tí Ìjàpá àti Ananse ti ń fi ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ bá ara wọn jà. Kó wá sílé kó bi ìyá rẹ̀ pé, Màámi, kí ni Ìjàpá ṣe fún Yánníbo? Kí ìyá náà jókòó, kó sọ ọ́.

Ẹ̀rù wo ló kù? Ẹ̀rù pé ọmọ á di ẹrú géèmù. Òótọ́ ni, ó máa ń ṣẹlẹ̀. Ní 2019, Àjọ Ìlera Àgbáyé gbà á wọlé sínú ìwé tí wọ́n to àwọn àìsàn sí, ìwé náà sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kìíní ọdún 2022. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ bí wọ́n ṣe ṣàpèjúwe rẹ̀: ẹni tí apá rẹ̀ ò ká a mọ́, tó gbé e ṣáájú oúnjẹ, oorun àti iṣẹ́, tó rí i pé ó ń ba òun láyé jẹ́ tó sì ń bá a lọ, tí ó sì sábà ti pé ọdún kan kí wọ́n tó lè sọ pé ó ti di àìsàn. Ọmọ tó ta á fún wákàtí méjì ní ọjọ́ Sátidé kò sí nínú wọn. Ọmọ tí mo ń bẹ̀rù fún ni èyí tó wà nínú yàrá nìkan, tó di fóònù mú di òru, tí kò sí ẹni tó mọ ohun tó ń wò. Ilé ìkàwé ní wákàtí tí wọ́n ń tìlẹ̀kùn. Fóònù kò ní.

Ti àwọn eré ìpànìyàn àti ìṣekúṣe ńkọ́? Àmì wà lára páálí wọn. Àwọn ará Yúróòpù ń lo èyí tó ń jẹ́ PEGI láti 2003: 3, 7, 12, 16, 18. Eré bọ́ọ̀lù tí àwọn ọmọ wa kò lè fi sílẹ̀, 3 ló wà lára rẹ̀. Grand Theft Auto, tí wọ́n ti ń jí mọ́tò tí wọ́n sì ń yìnbọn, 18 ni. Ilé ìkàwé á wo nọ́ńbà, á mọ ohun tó yẹ kó rà. Ṣọ́ọ̀bù kì í wo nọ́ńbà. (Eré bọ́ọ̀lù náà, wọ́n ti yí orúkọ rẹ̀ padà kúrò ní FIFA láti 2023, àmọ́ ẹ lọ sọ bẹ́ẹ̀ fún àwọn ọmọ Asafo, wọ́n á fi yín rẹ́rìn-ín.)

Ẹ̀kọ́ ńkọ́, ìdánwò WASSCE ńkọ́? Ẹ rántí ìgbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ double track ní 2018, tí ilé ìwé girama ò gba gbogbo ọmọ tí Free SHS kó wọlé, tí àwọn kan ń lọ ilé ìwé tí àwọn kan ń jókòó sílé fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Kí ni wọ́n fi àwọn ọ̀sẹ̀ yẹn ṣe? Ẹ̀yin tí ẹ ní ọmọ nígbà náà mọ̀ ọ́n jù mí lọ. Àwọn kan tọ ìyá wọn lọ sí ọjà Kejetia. Àwọn kan tọ ṣọ́ọ̀bù géèmù lọ. Ilé ìkàwé tó wà fún ọmọ kékeré àti ẹni tó ń múra ìdánwò nìkan kò ní àyè fún ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún tí ọwọ́ rẹ̀ dilẹ̀ ní ọ̀sán Ọjọ́rú.

Bí àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìkàwé bá fẹ́ ṣe é, kò ní ga jù wọ́n lọ. Yàrá kan tó ní ilẹ̀kùn ló ṣe pàtàkì, kí ariwo má bàa dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń kàwé. Bí kò bá sí yàrá, wákàtí kan pàtó lọ́sẹ̀ tí gbogbo èèyàn ti mọ̀ pé ariwo máa wà. Ẹ̀rọ méjì tó. Kò gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tó ń jẹ íntánẹ́ẹ̀tì, nítorí dátà gbówó lórí, nítorí dumsor pẹ̀lú: iná á lọ, á dé, èyí tó bá nílò íntánẹ́ẹ̀tì á ní kí ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Lọ́jọ́ tí iná bá lọ pátápátá, kí ọpọ́n oware àti dráfù, tí wọ́n ń pè ní dame níbí, wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Kí wákàtí kan wà tó jẹ́ ti àwọn ọmọbìnrin nìkan. Ẹ má fi èyí ṣeré: bí wákàtí náà kò bá sí, àwọn ọmọkùnrin á gba páàdì níṣẹ́jú àkọ́kọ́, wọn ò sì ní jọ̀wọ́ rẹ̀. Alábòójútó kò gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tó kórìíra géèmù. Àwọn ọ̀dọ́ tó jáde ní yunifásítì, tí wọ́n ń ṣe National Service, tó wọn ṣe, ó sì sàn fún wọn ju kí wọ́n máa to pépà sórí kọ́ńtà ọ́fíìsì lọ. Òfin kan ṣoṣo ni kò gbọ́dọ̀ yẹ̀: kò sí owó lórí eré. Sídì kan kò gbọ́dọ̀ yọjú níbẹ̀.

Ẹ̀yin ará wa, mo mọ̀ pé àwọn kan nínú wa ṣì ń rò pé ilé ìjọba kò kàn wá níbí. Ọ̀rọ̀ 1969 ṣì wà lára wa, nígbà tí ìjọba Busia ní kí àwọn àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú kó jáde láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, tí ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí Kumasi sì bá ara wọn ní Ògbómọ̀ṣọ́ tí wọn ò mọ̀ rí. Àwọn tó padà wá lẹ́yìn náà, wọ́n padà wá ṣe òwò, wọn kò wá béèrè nǹkan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ilé ìkàwé kì í béèrè ibi tí wọ́n ti bí baba ẹni. Àwọn ọmọ wa ń jókòó ní kíláàsì kan náà pẹ̀lú ọmọ Aṣáńtì. Ẹ jẹ́ kí wọ́n jókòó ní yàrá yìí náà.

Nítorí náà, ohun tí mo ń bẹ yín fún nìyí. Lọ́sẹ̀ yìí, ẹ mú ọmọ yín dání lọ sí ilé ìkàwé ẹkùn Aṣáńtì, kí ẹ forúkọ rẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ sì béèrè lọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́ tí ẹ bá bá níbẹ̀ pé kí ni wọ́n ní fún ọmọ ọdún mẹ́rìnlá sí méjìdínlógún. Bí wọ́n bá ní àwọn kò ní nǹkan kan, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí wọn, owó tó ń dé ọ̀dọ̀ wọn kò pọ̀. Ẹ sọ fún wọn pé ẹ fẹ́ kí ó wà. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ ọmọ bíbí ìlú, ẹ̀yin tí ẹ ń ra aṣọ ẹbí fún ìnáwó ọdọọdún, ẹ yọ owó aṣọ ẹbí ìnáwó kan ṣoṣo, kí ẹ fi ra ẹ̀rọ àlòkù kan tó ṣì dára, páàdì mẹ́rin, àti ọpọ́n ayò méjì, kí ẹ gbé e lọ pẹ̀lú lẹ́tà tí alága àti akọ̀wé fọwọ́ sí. Kí ẹ sọ ọ́ nínú lẹ́tà náà pé ẹ̀bùn yìí wà fún gbogbo ọmọ Kumasi, pé wọn kò gbọ́dọ̀ gba owó lórí rẹ̀, àti pé àwọn ọmọbìnrin gbọ́dọ̀ ní wákàtí tiwọn.